Wọn ò tíì fọ́ ìkòkò aró Màmá

Òṣogbo,
Ìrọ̀lẹ́ Sọ́ńdè.

Rísì ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ṣé òtútù Kánádà ò tíì gbé ẹ mì? Kí n tiẹ̀ kọ́kọ́ fi ọkàn ẹ balẹ̀: wọn ò tíì fọ́ ìkòkò aró Màmá. Méjìlá ni gbogbo ẹ̀, márùn-ún ti sán, méje ṣì ń gba omi dúró. Àmọ́ Bùrọ̀dá yín ti já búlọ́ọ̀kù sí ẹ̀yìnkùlé, ṣọ́ọ̀bù mẹ́rin ni wọ́n fẹ́ kọ́ síbẹ̀. Màá padà sórí ìyẹn.

Fìdáù ogójì ọjọ́ lọ wẹ́rẹ́. Àwọn àáfà pé, sàráà yí àdúgbò ká, ó tiẹ̀ tún ṣẹ́ kù. Ẹgbẹ́ àsàlátù Màmá wọ funfun bí wọ́n ṣe máa ń wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n tí o bá wo ẹ̀yìn àwọn ìyá ọlọ́mọ, àdìrẹ Màmá ni wọ́n fi pọnmọ. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n mú un wá. Ọ̀kan wà níbẹ̀ tó jẹ́ pé aṣọ tí wọ́n fi pọn òun fúnra ẹ̀ ló fi pọn ọmọ ẹ̀. Ó ti ṣá di àwọ̀ sánmà, ṣùgbọ́n kò ya.

O mọ̀ pé kò sí ìkómọ kan ládùúgbò wa, ti Mùsùlùmí o, ti onígbàgbọ́ o, ti oníṣẹ̀ṣe o, tí Màmá kì í gbé yáàdì méjì lọ. Èyí tí mi ò mọ̀, tí Sìlífá ṣẹ̀ṣẹ̀ là yé wa, ni pé aṣọ ọrẹ ló máa ń kọ́kọ́ wọ aró tuntun. Aró tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jinná lágbára ju ti ọjọ́ kẹrin lọ. Bí aṣọ ṣe ń wọ inú ẹ̀ ló ń rẹ̀ ẹ́ sí i. Aláró mìíràn á fi agbára àkọ́kọ́ yẹn ṣe aṣọ ọjà, á wá fi ìkángun ẹ̀ ṣe ẹ̀bùn. Màmá ní rárá. Wọ́n ní oníbàárà tí aró ò bá tẹ́ lọ́rùn á ná an wálẹ̀, á sì sọ tẹnu ẹ̀. Ẹni tí a fún lọ́fẹ̀ẹ́, ta ló fẹ́ bá jà? Ẹni tí kò lè bá wọn jà yẹn ni wọ́n ń fún ní èyí tó dára jù.

Wo igun aṣọ tìẹ, wàá rí wàláà kékeré kan tí kò ju èékánná àtàǹpàkò lọ. Òfìfo ni wàláà náà. Àáfà kan bi wọ́n nígbà kan pé kí ló dé tí wọn ò kọ Bísímílà sí i. Wọ́n ní, "Àáfà, ọmọ á tọ̀ sí i." Ẹnu ni wọ́n fi ń ṣe Bísímílà tiwọn, ìgbàkigbà tí aṣọ bá ti fẹ́ wọ ìkòkò. Àwọn ìyá aláró àtijọ́ ní Ìyá Màpó tí wọ́n ń bọ nídìí iṣẹ́ yìí. Màmá ò bọ ọ́, ṣùgbọ́n wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni bú u níwájú ìkòkò.

Sìlífá ti jẹ́ ká kọ bí wọ́n ṣe ń ro ẹ̀kọ sílẹ̀, èyí tí wọ́n fi ń ya àwòrán sára aṣọ kí aró má baà wọ ibẹ̀. Agolo mílíìkì méjì làfún, kì í ṣe ọ̀gì o, àti álọ́ọ̀mù tó tó orí àtàǹpàkò. Omi tútù ni wọ́n fi ń pò ó kó tó dé orí iná, wọ́n á wá máa rò ó títí á fi ki bí ẹ̀kọ tó ti fẹ́ dì. Bó ṣe gbóná náà ni wọ́n á fi aṣọ sẹ́ ẹ. Ẹni tó bá fo sísẹ́ ti gbé e: kókó kan péré tó bá wà lẹ́nu ìyẹ́ adìẹ tí wọ́n fi ń kọ ọ́, ìlà kan á fẹ̀, èkejì á tín-ín-rín, ibi tí kókó náà bá sì jókòó sí á gbẹ, á já bọ́, aró á gba ibẹ̀ wọlé. Ojú kan aṣọ ni wọ́n ń kọ. Lásìkò òjò kì í gbẹ, á kàn máa yọ̀. Nígbà ọyẹ́ ẹ̀wẹ̀, á yára gbẹ jù, á sán wẹ́wẹ́, aró á wá ya iṣan iṣan sínú funfun. Tí wọ́n bá ti rì aṣọ náà sínú aró, wọn kì í fún un rárá, torí ẹ̀kọ á fọ́. Wọ́n á kàn gbé e kọ́ kó máa ro, á gbẹ, wọ́n á tún rì í, títí á fi dúdú tó bí wọ́n ṣe fẹ́.

Àwòrán àdìrẹ tí wọ́n ń pè ní Ìbàdàndùn, tọwọ́ wọn ńkọ́! Òpó Gbọ̀ngàn Mápó, ṣíbí láàárín, ìyẹ́ adìẹ nìkan, láìsí rúlà. O rántí bí Bàbá ṣe máa ń bínú pé kí ni obìnrin Òṣogbo ń fi Ìbàdàn ṣe, tí Màmá á ní gbèsè ogun 1840 làwọn ṣì ń san, pé ká ní kì í ṣe Ìbàdàn, Ìlọrin ì bá ti kó gbogbo wa lọ.

Ó dáa, jẹ́ kí n sọ ọ̀rọ̀ tó ń dùn mí. Aró tí a rẹ nítorí fìdáù kò mú. A ro eérú bí wọ́n ṣe ń rò ó, nínú ìkòkò onihò tó jókòó lórí èkejì, à ń bu omi lé e díẹ̀díẹ̀, omi tó ń kán sílẹ̀ pọ́n bíi tíì. Ahọ́n ni Màmá fi máa ń tọ́ ọ wò: bí kò bá ta ahọ́n, kò tíì tó, bó bá bó ahọ́n, á jẹ aṣọ. Sìlífá tọ́ ọ wò, ó ní ó tó. A kó ewé èlú tí wọ́n ṣù gbẹ sí i, a dé e pa. Ibi tó ti bàjẹ́ nìyí: ọjọ́ kejì, ọjọ́ kẹta, gbogbo ẹni tó bá wá kí wa ló ń ṣí i wò, wọ́n tún ń fi igi rò ó! Afẹ́fẹ́ ni ọ̀tá aró tí kò tíì jinná. Èyí tó bá jinná, ìhó orí ẹ̀ á máa dán bíi bàbà, ṣùgbọ́n omi abẹ́ ẹ̀ á láwọ̀ ewé tó ti ń pọ́n. Tiwa búlúù látòkè délẹ̀. Ẹni tí kò mọ̀ á máa yọ̀ pé ó ti di aró. A rì aṣọ, ó jáde ní búlúù. A fi omi ṣàn án, búlúù bá omi lọ. Àwọ̀ ewé ló yẹ kó bá jáde, kí afẹ́fẹ́ wá sọ ọ́ di aró lójú ẹ.

Aládùúgbò kan ní ká da kẹ́míkà, kọ́sítíìkì àti háídíròs, sí i, pé kò ní pẹ́ tó máa mú. Mi ò ní parọ́, Màmá náà lo kọ́sítíìkì fún aṣọ ọjà nígbà tí ẹsẹ̀ ò gbé wọn wá igi eérú mọ́. Ṣùgbọ́n aṣọ tó máa kan ara ìkókó? Láéláé. A da aró yẹn nù. Sìlífá ní bó bá burú tán, òun á lọ bi àwọn tó ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ Nike Davies-Okundaye aláàdìrẹ.

Ọdún Ọ̀ṣun kọjá ní Ògọ́ọ̀sì, sún kẹẹrẹ fà kẹẹrẹ ò jẹ́ ká dé Ọjà Ọba. Ọmọ Bọ̀sẹ̀ ti wọ UNIOSUN. Owó gààrí, má bi mí. Ìyàwó Wàhíìdì bí ìbejì, a sì gbé abọ́ ike lọ síbi ìkómọ. Abọ́ ike, Rísì. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ojú tì wá.

Bùrọ̀dá yín kì í ṣèèyàn burúkú, àwọn ló san gbogbo owó ìtọ́jú Màmá. Wọ́n ní ìkòkò tí kò sẹ́ni tó ń lò ó, ẹ̀fọn nìkan ló ń bí níbẹ̀. Òótọ́ sì ni, ẹ̀fọn wà. Mo fi ṣàwàdà fún wọn pé igi tó wó lu ìkòkò aró Ọ̀ṣun ni wọ́n fi dá ìlú yìí sílẹ̀, ṣé àwọn náà fẹ́ dá tiwọn ni? Wọ́n rẹ́rìn-ín títí, wọn ò sì dá mi lóhùn.

Ohun tí mo ń yí po látàárọ̀ rèé. Jọ̀ọ́, pe Dádì yín. Ohun tí Dádì bá sọ nìkan ni Bùrọ̀dá ń gbọ́. Má dárúkọ àṣà, má dárúkọ ìrántí, wọ́n á ní o ti di òyìnbó. Sọ pé ṣọ́ọ̀bù mẹ́ta dípò mẹ́rin. Igun tó kan kànga, mo ti wọ̀n ọ́n: ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá níbùú, méjìlá lóròó. Ó gba ìkòkò aró mẹ́ta àti méjì eérú, ènìyàn á sì tún ráyè tẹ̀ síbẹ̀. A máa dé wọn, ẹ̀fọn ò ní bí sínú wọn. Kó tó di Jímọ̀ o, torí Jímọ̀ ni bíríkìlà ń bọ̀.

Ìkejì: aṣọ tí Màmá ká sínú báàgì ẹ lọ́jọ́ tí ò ń lọ, tẹ́ ẹ sílẹ̀ lẹ́bàá fèrèsé, kí o ya á ní fọ́tò. Ojú tí wọ́n kọ ẹ̀kọ sí ni o. Ẹ̀yìn ẹ̀ á ti dúdú jù. Sún mọ́ igun tó ní wàláà dáadáa. Sìlífá ní ìlà mẹ́rin ló wà lára ọwọ́ wàláà yẹn, mo ní mẹ́ta ni, a ò sì bára wa sọ̀rọ̀ láti àná. Má gbé e sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ.

Yáàdì mẹ́rin la jẹ àwọn ìbejì.

Èmi ni tìẹ,
Bísí.