Sí Àkànní, lórí sitéènì tí ó kọ̀ tí kò gbẹ

Ìbàdàn.

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Mo rí lẹ́tà rẹ gbà, inú mi sì dùn pé ara yín le ní Manchester pẹ̀lú gbogbo òtútù yẹn. Ọ̀rọ̀ pẹpẹ ìwé tí o fi ọwọ́ ara rẹ kàn ni mo fẹ́ dá ọ lóhùn lé lórí, nítorí o ní ọjọ́ kẹsàn-án rèé tí o ti kùn ún ní sitéènì, aró olómi tí a fi ń pa igi láwọ̀ dà, síbẹ̀ tí ọwọ́ bá kàn án, ṣe ni ó ń lẹ̀ bí oyin.

Má bínú pé mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín, irú rẹ̀ ti ṣe mí rí. Tábìlì ìrókò ìyá mi ni mo fẹ́ sọ di ọ̀tun nígbà òjò. Mo kùn ún lẹ́ẹ̀mẹta bí ẹni ń kun ògiri, mo sì fi í sílẹ̀ kí ó gbẹ. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì, ẹnìkan gbé ìwé ìròyìn lé e, nígbà tí a ó sì fi ṣí i, àkọlé rẹ̀ ti wà lára tábìlì, ó kọjú sódì, àfi kí ènìyàn mú dígí wá kí ó tó lè kà á. Káfíńtà àdúgbò wa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, ó ní, “Ta ni ó sọ fún yín pé ọ̀dà ni?”

Ibẹ̀ gan-an ni ọ̀ràn náà wà. Orí igi ni ọ̀dà ń dúró sí, ṣùgbọ́n inú igi ni sitéènì ń wọ̀. Èyí tí igi kò bá mu láàárín nǹkan bí ìṣẹ́jú 10, àkísà ni a fi ń nù ún kúrò. Sitéènì olóròóró bíi tìrẹ kì í sì í gbẹ bí omi: tínà inú rẹ̀, ìyẹn omi tí ó ń mú un ṣàn, a fẹ́ lọ, òróró tí ó kù a sì máa fa ọ́síjìnì mọ́ra kí ó tó lè le. Bí ó bá nípọn jù, ojú rẹ̀ a di awọ fẹ́lẹ́ tí kì í jẹ́ kí afẹ́fẹ́ dé ìsàlẹ̀, pàápàá nínú yàrá tútù tí a ti fèrèsé rẹ̀ pa. Ní ti tábìlì wa, ìrókò fúnra rẹ̀ tún ní èròjà kan nínú tí kì í jẹ́ kí òróró tètè le.

Nítorí náà, má dúró dè é mọ́, má sì fi fáníìṣì bò ó, nítorí yóò hunjọ, yóò sì máa ṣí. Ra white spirit, omi tí a fi ń fọ ọ̀dà olóròóró kúrò, fi rẹ àkísà funfun, kí o máa nù ún tẹ̀lé bí ìlà igi ṣe lọ, kí o sì máa pààrọ̀ àkísà bí ó bá ti dúdú. Bí ó bá gan jù, ọgbọ́n káfíńtà wa ni kí o lò, bí ó tilẹ̀ jọ ìwà wèrè: ó kun sitéènì tuntun lé ti àtijọ́, ó ní sùúrù díẹ̀ kí tínà inú rẹ̀ rọ ti ìsàlẹ̀, ó wá nu méjèèjì kúrò kíákíá. Àwọ̀ tábìlì náà kò ṣí rárá. Lẹ́yìn èyí, ṣí fèrèsé, fún un ní ọjọ́ mẹ́ta, kí o fi aṣọ funfun nù ún wò. Bí aṣọ náà kò bá yí àwọ̀ padà, o lè kun fáníìṣì.

Jọ̀wọ́, má ká àwọn àkísà yẹn jọ sínú garawa ìdọ̀tí. Òróró tí ó ń le máa ń mú ooru jáde, ó sì lè gbiná fúnra rẹ̀. Tẹ́ wọn síta lọ́kọ̀ọ̀kan títí wọn yóò fi gan.

Ẹ̀yìn pẹpẹ náà, níbi tí ojú ẹnikẹ́ni kò ní tó, ni kí o ti bẹ̀rẹ̀, kí o sì kọ̀wé sí mi bí ó bá ṣe rí.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàbí