Sí ẹ̀yin ọmọ tí ẹ fẹ́ fi ẹgbẹ́ kékeré du àga aṣòfin

Ẹ̀yin ọmọ mi,

Nígbà tí ẹ wá bá mi ní ìsọ̀ lọ́jọ́ Àlàmísì, aṣọ ni mo ń rẹ láró lọ́wọ́, n kò ráyè dá yín lóhùn dáadáa. Ẹ bi mí pé bí àga aṣòfin ìpínlẹ̀ kan bá ṣófo lágbègbè wa, tí àjọ INEC ní ká wá dìbò fi ẹlòmíràn dípò, ṣé ẹgbẹ́ yín tí kò tíì ní káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo lè wọlé. Kí n tó yanu, ọ̀kan nínú yín ti ní, "Màmá, àwọn ọmọ orí fóònù wà lẹ́yìn wa." Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ má bínú. Ìdáhùn mi rèé.

Ó ṣeé ṣe. Kódà, bí ẹgbẹ́ kékeré yóò bá gba àga lọ́wọ́ àwọn ńlá, irú ìbò báyìí ló yá jù, torí èrò kì í pọ̀ níbẹ̀. Lọ́jọ́ ìbò gómìnà, gbogbo Òṣogbo ló ń jáde. Lọ́jọ́ ìbò àfidípò, ọ̀pọ̀ á na ẹsẹ̀ sílé, wọ́n á máa ta ayò. Ẹni tó bá lè kó àwọn tirẹ̀ jáde láàárọ̀, díẹ̀ rẹ̀ á di púpọ̀. Ti aṣòfin kò sì dà bíi ti gómìnà tó gbọ́dọ̀ rí ìdá kan nínú mẹ́rin ìbò ní ìdá méjì nínú mẹ́ta ìjọba ìbílẹ̀. Ẹni tí ìbò rẹ̀ pọ̀ jù ló wọlé, ó parí. Nínú ìbò 100, bí ẹgbẹ́ ńlá kan bá mú 33, tí èkejì mú 32, 35 tiyín ti tó.

Àmọ́ nígbà tó bá jẹ́ agbègbè kan péré ni wọ́n ti ń dìbò, àwọn alágbára kò níbòmíràn tí wọ́n ń lọ lọ́jọ́ náà. Kọmíṣánnà, alága káńsù, aṣòfin Àbújá, gbogbo wọn á wá sùn sí àdúgbò yín, owó "dìbò kóo sebẹ̀" á sì bá wọn wá. Ẹ má bá wọn ná an. Ẹ kò ní in. Bí ẹ bá sì lọ yá a, ẹni tó yá yín ni yóò máa sọ̀rọ̀ lẹ́nu yín nílé aṣòfin.

Ẹ rántí 2017. Sẹ́nétọ̀ Ìsíákà Adélékè kú lóṣù Kẹrin, wọ́n dìbò fi ẹlòmíràn dípò rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn Ọ̀ṣun lọ́jọ́ 8 oṣù Keje. APC ló ń ṣèjọba ní Òṣogbo níbí nígbà yẹn. Síbẹ̀, Adémọ́lá àbúrò olóògbé, tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kúrò nínú APC sí PDP, ló wọlé pẹ̀lú ìbò 97,480 sí 66,116. PDP kì í ṣe ẹgbẹ́ kékeré, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún yín pé ẹgbẹ́ ló wọlé lọ́jọ́ yẹn, irọ́ ló pa. Orúkọ ilé ló wọlé, àti àánú òkú. Ẹ má sì fi ti ẹgbẹ́ kékeré Accord gbá mi lẹ́nu. Nígbà tí Adémọ́lá yìí kan náà fi PDP sílẹ̀ bọ́ síbẹ̀ ní 2025, àga gómìnà ti wà lábẹ́ ìdí rẹ̀.

Nítorí náà, ta lẹ fẹ́ fà kalẹ̀? Láti 2018 ni òfin ti gbà kí ọmọ ọdún 25 du àga aṣòfin ìpínlẹ̀, ọjọ́ orí kì í ṣe ìdíwọ́ mọ́. Ohun tí mo ń béèrè ni pé, ṣé ìyá ẹlẹ́kọ Ọjà Ọba mọ̀ ọ́n? Ṣé ó ti dé ibi òkú aládùúgbò rẹ̀ rí láìjẹ́ pé ìbò ń bọ̀?

Èyí tó kù ni mo fẹ́ fi ara mi ṣàlàyé. Mo ti ṣe ejẹ́ǹtì, aṣojú tó ń ṣọ́ ìbò ní ibùdó, rí fún ẹgbẹ́ kékeré kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀. Láàárọ̀, ọmọdébìnrin tó ń fi yíǹkì sí ìka wo èékánná mi tí aró ti kùn, ó ní, "Màmá, ẹ ti dìbò níbòmíràn." Ẹ̀rọ ló jẹ́rìí mi. Gbogbo èrò bú sẹ́rìn-ín.

Nírọ̀lẹ́, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Èèyàn 61 ló jẹ ìrẹsì wa níbi ìpàdé ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú. Èmi ni mo bù ú, mo kà wọ́n. Nígbà tí wọ́n ń na ìwé ìbò sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, tí gbogbo wa jọ ń kà á, tiwa dúró lórí 19. Ìyẹn gan-an kọ́ ló dùn mí jù. Wọ́n pe ìrun Màgáríbì, mo ní kí n sáré kí i, kí n tó padà wá fọwọ́ síwèé èsì. Kí n tó dé, wọ́n ti kọ ọ́ tán, wọ́n ti lẹ ẹ̀dà rẹ̀ mọ́ ògiri. Tiwa ti di 9. Ta ni mo fẹ́ mú? Èmi tó yẹ kó jẹ́rìí kò sí níbẹ̀.

Ibùdó ìdìbò 3,763 ló wà ní Ọ̀ṣun nígbà ìbò gómìnà 2022, aṣòfin ìpínlẹ̀ wa sì jẹ́ 26. Ẹ pín in: ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 145 fún àga kan. Ẹni 145, ejẹ́ǹtì kan fún ibùdó kan, tí kò ní tọrọ owó, tí kò ní gbà á, tí kò ní dìde títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ṣé ẹ ní wọn?

Bí ẹ kò bá wọlé ńkọ́? Nínú ìbò gómìnà 2018, ẹgbẹ́ SDP ti Ìyíọlá Omíṣore ṣe ipò kẹta pẹ̀lú ìbò 128,049. Ìbò 353 péré ló wà láàárín Adémọ́lá Adélékè ti PDP àti Oyètọ́lá ti APC. Ìgbà tó ku àtúndì ní ibùdó méje, ẹgbẹ́ ńlá méjèèjì ló sáré lọ bá Omíṣore ní Ifẹ̀, kó lè ti àwọn lẹ́yìn. Oyètọ́lá ló wọlé, ìbò 482 ló fi ju Adélékè lọ. (N kò ní kẹ́ ẹ lọ ta ìbò yín o.) Àmọ́ ẹgbẹ́ tí kò bá rí nǹkan kan mú rárá, ẹ rántí 2020: INEC pa ẹgbẹ́ 74 rẹ́ lọ́jọ́ kan. Àga káńsẹ́lọ̀ kan ṣoṣo wà lára ohun tó lè gba ẹgbẹ́ là. Bóyá ibẹ̀ ló yẹ kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ padà wá lọ́jọ́ Àlàmísì tó ń bọ̀, kí ẹ kọ orúkọ ẹni 145 náà wá. Ẹ fi àdúgbò kálukú síwájú orúkọ rẹ̀, kí ẹ sì má ka èmi mọ́ wọn.

Èmi ni,
Màmá yín, aláró Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun