Sí Ẹ̀yin Tí Ẹ Ní Ọtí Kì Í Tètè Pa Yín

Ẹ̀yin ọmọ mi ní yunifásítì,

Ẹ kú iṣẹ́ ìwé o. Ìwàásù kọ́ ni mo fẹ́ ṣe. Ẹ ti gbọ́ ìyẹn tó. Gbólóhùn kan tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu yín ló jẹ́ kí n kọ̀wé: "Ọtí kì í tètè pa mí." Ẹ sì máa ń fi yangàn bí ẹni tó gba ipò kìíní nínú ìdánwò!

Ẹni tó bá ń mutí lemọ́lemọ́, ọtí á mọ́ ọpọlọ rẹ̀ lára. Ife méjì tó ń mú un rẹ́rìn-ín tẹ́lẹ̀ kò ní tu irun kan lára rẹ̀ mọ́. Á di mẹ́rin, á di mẹ́fà. Ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ní tirẹ̀ ń jìyà gbogbo rẹ̀, torí ó máa ń tó wákàtí kan kó tó palẹ̀ ife kékeré kan mọ́. Kọfí kò lè mú un yára. Ẹni tí ẹ bá sì rọ omi tútù lé lórí, ọ̀mùtí tí aṣọ rẹ̀ tutù ni ẹ rí.

Ìdí nìyí tí ẹ̀rù ẹni tó dúró gbọn-in fi ń bà mí ju ti ẹni tó ń ta gbọ̀n-ọ́n gbọ̀n-ọ́n lọ. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ. Ó lè máa rìn, kó máa sọ̀rọ̀, kó sì jí lọ́jọ́ kejì láìmọ bó ṣe dé yàrá. Kì í ṣe pé ó gbàgbé. Ọpọlọ rẹ̀ kò tọ́jú ọ̀rọ̀ náà rárá. (Ẹ̀yin ọkùnrin, obìnrin tó bá wà nírú ipò yẹn kò lè sọ pé òun gbà kí ẹ bá òun sùn. Ẹ má ṣe é.)

Bí ọ̀rẹ́ yín bá mu àmujù, ẹ má sọ pé kó lọ sùn, pé yóò dá lójú rẹ̀. Ọtí tó ṣì wà ní ikùn yóò máa wọ inú ẹ̀jẹ̀ lẹ́yìn tó ti sùn lọ, èébì sì lè dí i ní ọ̀fun bó bá fẹ̀yìn lélẹ̀. Ẹ fi ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lélẹ̀, kí ẹnì kan jókòó tì í. Bí ẹ bá jí i tí kò jí, tí ara rẹ̀ tutù, tí ètè rẹ̀ ń ṣú, tàbí tí mímí rẹ̀ ń dúró pẹ́ kó tó tún mí, ọsíbítù ló kàn. Ẹ má rò ó pé àwọn aláṣẹ ilé ìwé á gbọ́. Kí wọ́n gbọ́!

Mílíọ̀nù 2.6 èèyàn ni Àjọ Ìlera Àgbáyé ní ọtí ṣekú pa kárí ayé lọ́dún 2019.

Ó ku ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n láàárọ̀ títí yóò fi mu díẹ̀. Àwa àgbà máa ń pàṣẹ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó jáwọ́ lónìí olónìí. Àṣẹ yẹn léwu. Ara tí ọtí ti mọ́ lójoojúmọ́, bí wọ́n bá já ọtí náà gbà lójijì, gìrì lè mú onítọ̀hún, ó sì lè pa á. Dókítà ló yẹ kó bá a dín in kù.

Nítorí náà, bí ẹ bá fura pé ọtí ti di bárakú fún ẹnì kan, ẹ má bá a sọ ọ́ níbi tí ọtí ti ń ṣàn. Ẹ dúró di ọ̀sán, nígbà tí ojú rẹ̀ bá dá. Ẹ bi í bóyá ó ń mu kó tó lè sùn, àti ìgbà tó ti mu kẹ́yìn tí kò sí ẹnikẹ́ni lọ́dọ̀ rẹ̀. Ó lè bínú. Ẹ padà lọ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Bó bá ní òun fẹ́ rí dókítà, ẹ bá a lọ, kódà bí ẹ bá ní kíláàsì.

Èmi ni,
Bàbá yín.