Ẹ fàyè gba akẹ́kọ̀ọ́ orin lórí ìtàgé

Olóòtú Àgbà,

Mo ka lẹ́tà òǹkàwé yín kan tó ní kí ẹni tó bá ń kọ́ gìtá tàbí kíbọ́ọ̀dù má ṣe gun orí ìtàgé títí tí yóò fi mọ ohun èlò náà dunjú, nítorí pé ìwọ̀sí ni fún ẹni tó sanwó wọlé láti máa gbọ́ orin tó ń ṣìnà. Ọ̀rọ̀ náà yé ẹnikẹ́ni tó bá ti jókòó rí níwájú ẹgbẹ́ olórin tí kò múra sílẹ̀. Síbẹ̀, èmi tí mò ń ṣe iṣẹ́ àkáǹtì ní Erékùṣù Èkó lọ́sàn-án, tí mo sì ń fi gìtá béèsì ṣeré lẹ́yìn iṣẹ́ láìretí pé orin ni yóò máa bọ́ mi, kò lè fara mọ́ ọn. Orí ìtàgé, láàárín àwọn ẹlòmíràn, ni a ti ń kọ́ èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ béèsì, ẹni tó bá sì fi ilé ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ rẹ̀, ìka rẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n rìn, etí rẹ̀ kò ní gbọ́ nǹkan kan.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń jó sí béèsì láìmọ̀ pé òun ni àwọn ń jó sí. Okùn 4 ló wà lórí èyí tó wọ́pọ̀ jù, ohùn wọn sì fi odindi dò kan, ìyẹn láti dò kan dé dò kejì, rẹlẹ̀ ju ti okùn 4 tó nípọn jù lórí gìtá yòókù. Kì í sábà gbé ohùn orin fúnra rẹ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti so ìlù mọ́ orin. Agídìgbo ti ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ nínú orin wa tipẹ́, ẹni tó bá sì tẹ́tí sí àpàlà Hárúnà Ìṣọ̀lá dáadáa yóò gbọ́ ọ bó ṣe ń kùn nísàlẹ̀. Nínú jùjú Ebenezer Obey àti ti King Sunny Adé, gìtá béèsì ló gba ipò náà. Fẹlá ní tirẹ̀ a gbé ìlà béèsì kúkúrú kan kalẹ̀, a sì jẹ́ kó máa yí po fún ìṣẹ́jú 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, kí fèrè àti ohùn máa gorí rẹ̀ kọjá. Ẹni tó bá rò pé ìyẹn rọrùn, kó gbìyànjú ẹ̀ fún ìṣẹ́jú 3 láìsáré.

Òǹkàwé yín náà lè dáhùn pé YouTube wà. Ó wà, mo sì ń lò ó. Ọ̀dọ́ tó ní fóònù àti dátà ní Agége tàbí ní Bàríga lónìí lè rí olùkọ́ tí owó òbí rẹ̀ kò lè ká. Ohun tí fóònù kò lè kọ́ ọ ni bí a ṣe ń dúró de ẹlòmíràn. Orin tó ti wà nínú fóònù kì í yí padà. Ibi tó ti yí lánàá náà ni yóò ti yí lónìí. Ẹ wá wo òde àríyá. Olórin ti fẹ́ parí ẹsẹ̀ orin, ni ìyá ọlọ́jọ́ ìbí bá dìde pẹ̀lú àwọn ẹbí rẹ̀ nínú aṣọ ẹbí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í ná olórin lówó. (Òfin Báńkì Àpapọ̀ ti ọdún 2007 lòdì sí i, mo mọ̀, ṣùgbọ́n oríkì kò tíì dáwọ́ dúró nítorí ìyẹn.) Olórin kò lè kúrò níbẹ̀ mọ́. Ó lè kì í fún ìṣẹ́jú 2, ó sì lè kì í fún ìṣẹ́jú 15, onígángan yóò sì gba ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu rẹ̀, yóò fi ìlù kì í dé ilé baba rẹ̀. Ní gbogbo àkókò yẹn, oníbéèsì gbọ́dọ̀ dúró sójú kan, kí ojú rẹ̀ sì wà lára ọ̀gá, torí pé ọwọ́ tó gbé sókè tàbí orí tó mì lẹ́ẹ̀kan péré ni àmì pé kí gbogbo wọn yí lẹ́ẹ̀kan náà. N kò tíì rí fídíò ẹ̀kọ́ gìtá kankan tí ìyá ọlọ́jọ́ ìbí wà nínú rẹ̀.

Bákan náà ni ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹni tó bá dá orin kì í sọ kíì tó fẹ́ lò, ìyẹn ibi tí dò orin náà wà, fún ẹnikẹ́ni, ibi tí ẹ̀mí bá gbé e sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀, oníbéèsì sì gbọ́dọ̀ ti rí dò rẹ̀ kí ìlà kejì tó dé. Ẹni tó ń dá béèsì kọ́ nílé dà bí ẹni tó ń dá ayò ta: ó mọ gbogbo ilé inú ọpọ́n, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń jẹ ọmọ rẹ̀.

Yàrá tí a ti ń ṣeré pàápàá ní ẹ̀kọ́ tirẹ̀. Okùn tó nípọn jù lórí béèsì ń gbọ̀n ní nǹkan bí ìgbà 41 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ìgbì ohùn rẹ̀ sì gùn tó mítà 8, èyí tó ju gígùn yàrá ọ̀pọ̀ nínú wa lọ. Bí ìgbì náà bá lu ògiri tó sì padà, ó lè pàdé èyí tó ń bọ̀ kí ó fún un lágbára, tàbí kí ó pa á. Ìdí nìyí tí ohùn kan fi ń hó nínú gbọ̀ngàn tí èyí tó tẹ̀ lé e kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ dún, tí ẹni tó jókòó síwájú ń rojọ́ pé béèsì ti pọ̀ jù nígbà tí ẹni tó wà láàárín ń bèèrè bóyá béèsì wà níbẹ̀ rárá. Ẹni tó fi íápíìsì kọ́ ọ lórí bẹ́ẹ̀dì kò ní mọ̀ pé irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀, kò ju pé kó máa yí áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn gìtá jáde, sókè lọ. Ohun tí àwọn àgbà oníbéèsì ń ṣe ni pé wọ́n a gbé áńpù kúrò ní kọ̀rọ̀ ògiri, wọ́n a dín ohùn ìsàlẹ̀ kù, wọ́n a sì rìn lọ sáàárín àga àwọn èrò láti gbọ́ ara wọn kí eré tó bẹ̀rẹ̀.

Ẹ̀rí tó lágbára jù lọ́wọ́ mi kò jìnnà, ó wà nínú ìtàn orin Èkó fúnra rẹ̀. Victor Ọláìyá kọ́kọ́ wà nínú ẹgbẹ́ Bobby Benson kó tó dá tirẹ̀ sílẹ̀. Fẹlá bá Ọláìyá ṣeré kó tó lọ sí Trinity College of Music ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1958, tó túmọ̀ sí pé orí ìtàgé ló ti lọ sí ilé ìwé. Tony Allen, onílù Fẹlá, tún wá ju ìyẹn lọ. Ilé iṣẹ́ rédíò ló ti ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bẹ̀rẹ̀ sí í fúnra rẹ̀ kọ́ ìlù òyìnbó, Ọláìyá kò sì kọ́kọ́ gbé ìlù fún un. Igi kékeré méjì tí à ń lù mọ́ra ni wọ́n fi lé e lọ́wọ́ nínú Cool Cats, ẹgbẹ́ Ọláìyá, ó dúró sí ẹ̀gbẹ́ níbẹ̀, ó ń gbọ́, ó ń wò, títí àyè ìlù fi ṣí sílẹ̀. Gbogbo ayé ló mọ ibi tí ìlù náà gbé e dé kó tó kú ní ọdún 2020. Bí wọ́n bá ti sọ fún un pé kó jókòó sílé títí yóò fi mọ̀ ọ́n dunjú, mélòó nínú orin Fẹlá ni a ó ní lónìí?

N kò fi èyí bu ẹnu àtẹ́ lu ilé ìwé orin. Ilé ẹ̀kọ́ MUSON ní Oníkan, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní ọdún 1989, ti kọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ Èkó láti máa ka orin lórí ìwé, mo sì ń jowú wọn. Ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ akọrin àti ẹgbẹ́ onífèrè òun onígòjé wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn olùkọ́ orin mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń dá orin kọ́ tán.

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti ká mi lára ni pé àyè náà ń dín kù. Lóde òní, ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ṣe ìnáwó kì í pe ẹgbẹ́ mọ́, ẹni kan ṣoṣo tó mú kíbọ́ọ̀dù wá ni wọ́n ń pè. Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni béèsì, ẹ̀rọ ni onílù. N kò dá wọn lẹ́bi, nítorí owó epo jẹnẹrétọ̀ nìkan tó owó olórin. Ṣọ́ọ̀ṣì ló wá kù fún ọ̀dọ́ tó ń kọ́ béèsì. Bí ó bá wá jẹ́ ọmọ Mùsùlùmí ńkọ́? Fújì tí ì bá gbà á, ìlù ni wọ́n fi dá a sílẹ̀.

Nítorí náà, mo bẹ àwọn tó ni gbọ̀ngàn kéékèèké àti ilé ìgbafẹ́ ní Yábàá, Súrùlérè àti Ọ̀gbà, kí wọ́n ya ìrọ̀lẹ́ kan sọ́tọ̀ lọ́sẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Kí wọ́n má gba owó ìwọlé, ìyẹn yóò sì tu òǹkàwé yín lójú. Kí akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe orin méjì, èyí tó ti mọ̀ láti ilé. Ẹni tí kò bá sì lè tún okùn gìtá rẹ̀ ṣe kí ohùn wọn bára mu, kó ṣì dúró sílé ná. Kí wọ́n sanwó fún onílù àgbà kan láti jókòó sídìí ìlù láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, torí pé bí oníbéèsì àti onílù bá jọ jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, kò sí ẹni tí yóò di èkejì mú. Mo mọ ibì kan lórí ilẹ̀ Èkó tó ń ní kí àwọn ọ̀dọ́ kọ́kọ́ ta tíkẹ́ẹ̀tì fún ẹbí àti ọ̀rẹ́ wọn kí wọ́n tó lè gun orí ìtàgé. Òwò nìyẹn, kì í ṣe ẹ̀kọ́.

Kí áńpù wà níbẹ̀. Láti ìgbà tí wọ́n ti jẹ́ kí iye náírà máa yí bí ọjà bá ṣe rí ní oṣù kẹfà ọdún 2023, owó ohun èlò orin ti kọjá agbára ọ̀pọ̀ ènìyàn. Okùn béèsì pàápàá, ńṣe ni à ń sè é nínú ìkòkò kí ohùn rẹ̀ lè mọ́ padà, ìyàwó mi kò sì fẹ́ràn ìkòkò tí mò ń lò. Ẹni tó bá sì ti gbé áńpù wọ dáńfó gba orí afárá Third Mainland mọ ohun tí kọ̀ǹdọ́ ń gbà lórí ẹrù. Kí wọ́n bẹ̀rẹ̀ ní aago 4 ìrọ̀lẹ́, kí wọ́n sì parí ní aago 8, nítorí ohùn ìsàlẹ̀ ń la ògiri kọjá ju ohùn yòókù lọ, aládùúgbò tó bá sì fi ẹjọ́ sun LASEPA, àjọ ìpínlẹ̀ Èkó tó ń rí sí ààbò àyíká, ní òru kò jẹ̀bi lójú tèmi.

Ó kan ẹ̀yin náà, Olóòtú. Ojú ewé ìgbafẹ́ yín ń kéde eré àwọn gbajúmọ̀ tí gbogbo ènìyàn ti mọ̀ ṣáájú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún irú ìrọ̀lẹ́ báyìí ní igun kékeré kan lọ́sẹ̀ bí ó bá ti wà. Ìlà mélòó kan ti tó: ibi tó wà, ọjọ́, aago, àti bóyá áńpù béèsì wà níbẹ̀.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Onígìtá béèsì kan,
Súrùlérè, Èkó.