Ilẹ̀kùn Ti Ṣí, Àkànbí

Àkànbí ọmọ mi,

Mo kí ọ o. Ìyá rẹ ní kí n bá òun kí ọ, ó sì ní kí n má jẹ́ kí lẹ́tà yìí gùn. Ìwọ náà mọ̀ pé n kò lè ṣèlérí ìyẹn.

Nígbà tí a jọ sọ̀rọ̀ lórí fídíò lọ́jọ́ Àìkú, aago méjì ọ̀sán ti lù, síbẹ̀ kọ́tìnì ẹ̀yìn rẹ wà ní títì pa, iná ni o tàn. Mo bi ọ́ léèrè ìgbà tí o jáde kẹ́yìn. O rẹ́rìn-ín, o ní, "Bàámi, kí ni mo fẹ́ lọ ṣe níta?" Ìbéèrè lo fi dáhùn ìbéèrè, mo sì jẹ́ kó lọ bẹ́ẹ̀. Ṣáájú ìgbà náà o ti sọ fún ìyá rẹ pé aago mẹ́rin ìdájí ni oorun tó ń gbé ọ lọ, àti pé bí o bá jí, ṣe ló máa ń rẹ̀ ọ́ bí ẹni tí kò sùn. Nígbà tí o sì wá kí wa kẹ́yìn, mo ń wò ọ́ lórí àtẹ̀gùn. Àtẹ̀gùn tí kò ju ìgbésẹ̀ méjìlá lọ, ẹ̀ẹ̀mejì lo fọwọ́ ti ògiri. Ọmọ ọdún 31! Àlejò wà nílé lọ́jọ́ náà, ni mo ṣe pa ẹnu mọ́.

N kò kọ̀wé láti bá ọ wí. Ohun tí mo rí lára rẹ, ó ti ṣe èmi náà rí, mo kàn fi pa mọ́ fún ẹ̀yin ọmọ ni. O rántí ọdún 2020. Ọjọ́ 11 oṣù Kẹta ni Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ pé Kòrónà ti di àjàkálẹ̀ àrùn tó kárí ayé, kò sì pẹ́ tí òfin kónílé-ó-gbélé fi dé. Ọ̀sẹ̀ kìíní dà bí ìsinmi. Mo ní n óò ka ìwé, n óò tún ilé ṣe. Ìwé wo? Orí àga ni mo wà látàárọ̀ dalẹ́ tí mò ń gbọ́ ìròyìn, tí mò ń ka iye àwọn tó kú bí ẹni ń ka gbèsè. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹrin, oorun ọ̀sán ti gba ipò oorun òru lọ́wọ́ mi. Ẹ̀yìn ń ro mí. Ọ̀rọ̀ tí kò tó nǹkan, mo ti jágbe mọ́ ìyá rẹ. Lọ́jọ́ kan mo wá kọ́kọ́rọ́ àpótí kan títí, n kò rí i, ni mo bá wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn mọ́rí, mo sunkún. Nítorí kọ́kọ́rọ́, Àkànbí! Èmi tí omi ò bọ́ lójú mi níṣojú ẹnikẹ́ni nígbà tí bàbá mi kú.

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún mi nígbà náà pé ìsoríkọ́ ló ń yọ́ wọlé bọ̀, ìjà ni à bá jọ jà. Ọ̀lẹ ni mo máa ń pe ẹni tó bá wà nírú ipò yẹn, títí ó fi kàn mí.

Ìyá rẹ kò wàásù fún mi. Ó kàn dúró síwájú mi ní ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ní, "Bàbá Àkànbí, ẹ dìde, ẹ sìn mí dé ẹnu ọ̀nà." A rìn láti ilẹ̀kùn ilé ìdáná dé ilẹ̀kùn ìta, a sì padà. Ìgbésẹ̀ méjìlélógún ni àlọ, mo kà á. Ó ní ká tún un rìn. Tìbínútìbínú ni mo fi tún un rìn. Lọ́jọ́ kejì ó tún dé. Nígbà tó fi máa pé ọjọ́ mẹ́wàá, èmi ni mò ń lọ pè é. N kò ní purọ́ fún ọ pé ìbànújẹ́ náà kú lójijì bí iná tí wọ́n pa. Oorun ló kọ́kọ́ padà wá. Sùúrù tẹ̀ lé e. Ayọ̀ ló dé gbẹ̀yìn, ó sì pẹ́ gan-an kó tó dé.

Láti ìgbà náà ni mo ti ń ka ohun tí àwọn onímọ̀ kọ nípa ara tó bá jókòó pẹ́, ìtàn kan sì wà níbẹ̀ tí kò kúrò lọ́kàn mi. Ní ọdún 1966, ní ìlú Dallas lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà, àwọn oníṣègùn kan mú ọ̀dọ́kùnrin 5, ẹni ogún ọdún, ara wọn dá ṣáṣá. Wọ́n ní kí wọ́n dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko, kí wọ́n má rìn rárá. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, wọ́n yẹ̀ wọ́n wò, wọ́n rí i pé agbára ọkàn àti èémí wọn ti já wálẹ̀ gidigidi. Wọ́n wá kó wọn sẹ́nu eré ìdárayá fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, agbára náà sì padà bọ̀ sípò.

Ibi tó dùn nínú ìtàn náà ṣì ń bọ̀. Lẹ́yìn ọgbọ̀n ọdún, wọ́n tún lọ wá àwọn márààrún rí. Wọ́n ti di ẹni àádọ́ta ọdún, wọ́n ti sanra. Wọ́n tún yẹ̀ wọ́n wò. Ohun tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta orí bẹ́ẹ̀dì gbà lára wọn nígbà èwe ju ohun tí ọgbọ̀n ọdún gbà lára wọn lọ! Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo ka ibẹ̀ kí n tó gbà á gbọ́. Bí ó bá ń yà ọ́ lẹ́nu bí ìgbésẹ̀ méjìlá ṣe lè di òkè fún ọmọ tó ti ń gbá bọ́ọ̀lù láti kékeré, ìdáhùn rẹ nìyẹn. Wọ́n sì tún fi oṣù mẹ́fà kó àwọn àgbà náà sẹ́nu ìdárayá, díẹ̀díẹ̀, kò le ju agbára wọn lọ. Agbára èémí wọn padà sí ibi tó wà nígbà tí wọ́n jẹ́ ọmọ ogún ọdún. Ìdí tí mo fi kọ gbogbo rẹ̀ nìyẹn: ara kì í ti ilẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá fẹ́ padà wọlé.

O lè ní ìwọ kò dùbúlẹ̀, iṣẹ́ lò ń ṣe nídìí kọ̀ǹpútà. Òótọ́ ni. Ìdí nìyẹn tí o kò fi mọ ohun tó sọnù. Kónílé-ó-gbélé kò gba eré ìdárayá lọ́wọ́ rẹ, o ti pa bọ́ọ̀lù tì tipẹ́ kó tó dé. Èyí tí ẹnikẹ́ni kò kà sí ló gbà: ìrìn dé ibùdókọ̀, ìdúró nínú ọkọ̀ nígbà tí àyè ìjókòó kò bá sí, àtẹ̀gùn ọ́fíìsì, ìdìde lọ sídìí tábìlì ẹlòmíì láti bi í ní ọ̀rọ̀ tí ò ń fi àtẹ̀jíṣẹ́ bi í báyìí. Dókítà kan wà ní London tó ń jẹ́ Jerry Morris. Ní ọdún 1953 ó gbé ìwádìí kan jáde lórí àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì alájà méjì. Dẹ́rẹ́bà jókòó látàárọ̀ dalẹ́. Kọ̀ndọ́kítọ̀ ń gun àtẹ̀gùn inú bọ́ọ̀sì lọ sókè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, nítorí owó ọkọ̀. Bọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n jọ wà, síbẹ̀ àrùn ọkàn ń mú dẹ́rẹ́bà ju kọ̀ndọ́kítọ̀ lọ. Kọ̀ndọ́kítọ̀ wo ló máa délé tó máa sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé eré ìdárayá lòun ti ń bọ̀? Kónílé-ó-gbélé sọ gbogbo wa di dẹ́rẹ́bà. Àwa ò tilẹ̀ ní bọ́ọ̀sì.

Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2023, Àjọ Ìlera Àgbáyé ní pàjáwìrì Kòrónà ti parí. Àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ kan padà sí ọ́fíìsì, ilé-iṣẹ́ tìrẹ ní kí ẹ máa ṣe é láti ilé. Ilẹ̀kùn ti ṣí tipẹ́, Àkànbí. Ẹsẹ̀ rẹ ni kò tíì gbọ́.

Ìwọ nìkan kọ́ ló bá. Àjọ yẹn kan náà sọ ní ọdún 2022 pé láàárín ọdún kìíní àjàkálẹ̀ náà, àníyàn àti ìsoríkọ́ fi ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún pọ̀ sí i káàkiri ayé, ó sì wọ àwọn ọ̀dọ́ lára púpọ̀. Mo mọ̀ pé wàá bi mí pé kí ló kan ẹsẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ ọkàn. Èdè wa ti dáhùn kí dókítà tó dé. Ọkàn tó ń lù kìkì láyà, òun náà la ní ó bàjẹ́ nígbà tí ìbànújẹ́ dé. Bí inú ẹnì kan bá dùn, a ní ara rẹ̀ yá. A ò ya ilé wọn sọ́tọ̀ rí. Bí o bá ń rìn, ẹ̀jẹ̀ ń lọ sí ọpọlọ dáadáa. Ìmọ́lẹ̀ òwúrọ̀ tó bá wọ ojú rẹ ló ń sọ fún ara pé ilẹ̀ ti mọ́, kí ó lè mọ̀ lálẹ́ pé ilẹ̀ ti ṣú. Ẹni tó bá ti kọ́tìnì pa dọ̀sán, kí ló fẹ́ fi ya òru sọ́tọ̀? Àwọn kan á sọ fún ọ pé endorphin, èròjà kan tí ara fúnra rẹ̀ ń ṣe láti dín ìrora kù, ló ń ṣe gbogbo iṣẹ́ náà. Kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀, endorphin tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ kì í fi bẹ́ẹ̀ rọ́nà wọ ọpọlọ, àwọn onímọ̀ ṣì ń jiyàn lé e lórí. Èmi mọ èyí tó ṣe mí: níbi tí mo ti ń ka ìgbésẹ̀, àyè kò sí fún mi láti ka òkú.

Ìwádìí kan tún wà láti Yunifásítì Duke ní Amẹ́ríkà, tó jáde ní ọdún 1999. Àgbàlagbà 156 tí ìsoríkọ́ ń bá fínra ni wọ́n pín sọ́nà mẹ́ta: oògùn, eré ìdárayá lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, àti àwọn tó ṣe méjèèjì. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ 16 pé, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì láàárín ọ̀nà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oògùn ló kọ́kọ́ ya ara rẹ̀ hàn, mo gbọ́dọ̀ sọ ìyẹn náà, kí o má bàa ní mo kórìíra oògùn. Bí dókítà bá kọ ọ́ fún ọ, lò ó, kí o sì máa rìn.

Kí lo máa wá ṣe? Má dúró dìgbà tí ara rẹ bá yá kí o tó dìde. Ibẹ̀ ni mo ti ṣìnà fún odidi oṣù kan. Mo rò pé ara á kọ́kọ́ yá, ẹsẹ̀ á wá tẹ̀ lé e. Ẹsẹ̀ ló ń lọ ṣíwájú. Ìwọ̀n tí Àjọ Ìlera Àgbáyé fọwọ́ sí fún àgbàlagbà ni ìṣẹ́jú 150 sí 300 ìrìn kánmọ́kánmọ́ lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ méjì tí o máa fi lo iṣan rẹ, bí i kí o máa dìde kí o máa jókòó lórí àga láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Má wo iye yẹn ní ọ̀sẹ̀ kìíní o! Rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá lẹ́yìn tí o bá jí, kí o tó fọwọ́ kan fóònù. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Ọkùnrin kan wà ní ilẹ̀ Faransé nígbà ìsémọ́lé tó sá eré kìlómítà 42 lórí bákónì ilé rẹ̀, bákónì tí gígùn rẹ̀ ò ju mítà méje lọ. Wákàtí mẹ́fà ó lé ló fi ń lọ tó ń bọ̀. Mo kí i kú iṣẹ́, ṣùgbọ́n bí mo bá gbọ́ pé o dán irú rẹ̀ wò, n óò wá mú ọ.

Nǹkan kan wà tó ń kọ mí lóminú. Kòrónà mú ọ lẹ́ẹ̀mejì. Àwọn kan wà tí àrùn náà fi àárẹ̀ sí lára, tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi agbára ṣe nǹkan, ó di ọ̀la tàbí ọ̀tunla kó tó dá wọn dùbúlẹ̀. Irú àárẹ̀ yẹn, a kì í fipá lé e lọ. Bí o bá rin ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọjọ́ kejì sì wó ọ mọ́lẹ̀, tàbí tí àyà ń dùn ọ́, tí ọkàn rẹ ń sáré láìnídìí, dúró, kí o lọ rí dókítà kí o tó tún bẹ̀rẹ̀.

Èkejì, bí ó bá ti kọjá àárẹ̀, tó di pé ayé sú ọ, pé o rò ó pé ì bá sàn kí o má sí, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìrìn. Pè mí. Ì báà jẹ́ aago mẹ́ta òru, pè mí. Ẹní bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Bí ó bá ṣòro láti sọ fún bàbá, sọ fún ìyá rẹ tàbí dókítà, mi ò ní bínú pé èmi kọ́ lo kọ́kọ́ sọ fún.

Lọ́jọ́ Sátidé, aago méje àárọ̀, n óò pè ọ́. Wọ bàtà kí o tó gbé e, nítorí mi ò ní jókòó bá ọ sọ̀rọ̀. Èmi á máa rìn níbí, ìwọ á máa rìn níbẹ̀. Orúnkún òsì mi ti ń ké, nítorí náà ìwọ ni wàá rọra. Kí o tó jáde, jọ̀wọ́, ṣí kọ́tìnì yẹn.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé òun náà á bá wa rìn, àti pé òun ò fẹ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ ìṣèlú lẹ́nu èmi àti ìwọ.