Kí A Tó Tú Ẹ̀bùn, Ẹ Jẹ́ Kí A Ṣí Bíbélì

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Mo kí yín kú iṣẹ́ ìròyìn, mo sì dúpẹ́ fún àyè tí ẹ máa ń fún àwa òǹkàwé láti sọ tẹnu wa. Ọdún Kérésìmesì ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ọ̀rọ̀ tí mo sì fẹ́ bá àwọn òbí tí wọ́n jẹ́ Kristẹni sọ ni pé kí wọ́n má ṣe ti gbogbo iṣẹ́ kíkọ́ ọmọ ní ìtàn ìbí Jésù sí ilé ìjọsìn lọ́rùn. Ìsìn ọjọ́ Kérésìmesì kì í ju wákàtí bíi mélòó kan lọ, ṣùgbọ́n ìpalẹ̀mọ́ ọdún nínú ilé a máa gba ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ohun tí ọmọ bá sì rí pé àwọn àgbà ń lé kiri ní àwọn ọ̀sẹ̀ wọ̀nyẹn ni yóò gbà pé ó jẹ́ ọdún náà gan-an. Bí ó bá jẹ́ pé ọjà rírà àti àríyànjiyàn nípa ilé ẹni tí gbogbo ẹbí yóò kó lọ nìkan ni ó gbà wá lọ́kàn, ìwàásù òwúrọ̀ ọjọ́ kan ṣoṣo kò lè tún èrò ọmọ náà ṣe.

Àwọn tí wọ́n ṣáájú wa nínú ìgbàgbọ́ mọ èyí, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ya àkókò ìdúródè sọ́tọ̀ ṣáájú ọjọ́ náà. Nínú ọ̀pọ̀ ìjọ, Ọjọ́ Ìsinmi mẹ́rin ni a fi ń retí rẹ̀, tí a ń pè é ní Ádífẹ́ǹtì, ogójì ọjọ́ sì ni àwọn Kristẹni Ọ́tódọ́ọ̀sì, ìyẹn àwọn ìjọ àtijọ́ ti ìhà Ìlà-Oòrùn bíi ti Gíríìsì àti Rọ́ṣíà, fi ń gbààwẹ̀. Ní ọdún 1839, òjíṣẹ́ Ọlọ́run kan tí ń jẹ́ Johann Hinrich Wichern, ẹni tí ó ń tọ́jú àwọn ọmọ aláìní ní ìlú Hamburg ní ilẹ̀ Jámánì, to àbẹ́là sórí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ onígi kan, àwọn kéékèèké fún ọjọ́ iṣẹ́, àwọn ńlá fún Ọjọ́ Ìsinmi. Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń tan ọ̀kan kún èyí tí ó ti ń jó, tí àwọn ọmọ náà sì ń fi ojú ara wọn rí i pé ọjọ́ ìbí Olúwa ń sún mọ́lé. Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú ohun tí ó ṣe ni pé kò bá àwọn ọmọ wí nítorí pé ara wọn kò balẹ̀ mọ́. Ó gba ìháragàgà wọn, ó sì darí rẹ̀ sọ́dọ̀ Kristi. Kò pọn dandan kí ilé kọ̀ọ̀kan ní àbẹ́là, ṣùgbọ́n ó yẹ kí ilé kọ̀ọ̀kan ní ìṣẹ́jú díẹ̀ lójúmọ́ tí gbogbo ẹbí yóò fi tẹlifíṣàn àti fóònù sílẹ̀, tí wọn yóò jókòó papọ̀, tí wọn yóò kàwé, tí wọn yóò sì gbàdúrà.

Ohun tí a ó kà kò pọ̀. Orí mẹ́rin péré ni ìtàn náà gbà, méjì àkọ́kọ́ nínú Ìhìn Rere Mátíù àti méjì àkọ́kọ́ nínú ti Lúùkù. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ̀ pé Ọlọ́run ti ṣèlérí tipẹ́ lè fi orí kẹsàn-án ìwé Àìsáyà àti orí karùn-ún ìwé Míkà kún un. Kí àwọn ọmọ tí wọ́n ti mọ̀wé kà á sókè, kí a sì kà á pé pérépéré, nítorí ọ̀pọ̀ wa ni ó ti sọ ìtàn yìí di eré ọmọdé tí kò ní ju ìràwọ̀, áńgẹ́lì àti ẹran ọ̀sìn lọ. Hẹ́rọ́dù àti idà rẹ̀ wà nínú rẹ̀. Jósẹ́fù tí ó gbé ọmọ àti ìyá rẹ̀ ní òru tí ó sì sá lọ sí Íjíbítì wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú. Àwọn ọmọ wa ti mọ̀ pé ẹ̀rù wà nínú ayé, wọ́n ń gbọ́ ìròyìn bí àwa náà ti ń gbọ́ ọ, mo sì gbà gbọ́ tọkàntọkàn pé ó yẹ kí wọ́n mọ̀ pé inú irú ayé bẹ́ẹ̀ gan-an ni Olùgbàlà wọn wá.

Ibi tí ó sì dùn mọ́ mi jù lọ ni ibi tí a kì í sábà dé, nítorí pé ó wá lẹ́yìn àwọn olùṣọ́-àgùntàn: ìtàn Síméónì àti Ánà nínú tẹ́ḿpìlì. Èèyàn ti rò pé ìtàn ọmọ ìkókó ni Kérésìmesì, Lúùkù sì wá gbé ọmọ ìkókó náà lé bàbá kan lọ́wọ́, ẹni tí ó ti ń retí rẹ̀ tipẹ́, ó sì mú opó kan tí ó ti darúgbó, tí ó ń fi ààwẹ̀ àti àdúrà sin Ọlọ́run tọ̀sán-tòru, wá ròyìn ọmọ náà fún àwọn ènìyàn. Nínú ilé wa, àwọn bàbá àgbà àti ìyá àgbà sábà máa ń jókòó sí ẹ̀gbẹ́ kan ní àsìkò ọdún, tí a ó gbé oúnjẹ fún wọn, tí a ó kí wọn, tí a ó sì máa bá ìgbòkègbodò wa lọ. Èmi rọ̀ yín, ẹ ní kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ẹ bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún tọrọ lọ́wọ́ Ọlọ́run, bí ó ti dá wọn lóhùn, àti ohun tí wọ́n ṣì ń retí títí di ìsinsìnyí. Bí ẹnì kan bá sì wà nínú ẹbí tí ikú ọkọ, aya tàbí ọmọ ti sọ ọdún di kíkorò fún, kí ó gbọ́ pé opó kan wà lára àwọn ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n dúpẹ́ nítorí Jésù, kí ẹnikẹ́ni má sì fi dandan lé e pé kí ó máa rẹ́rìn-ín.

Mi ò kórìíra ẹ̀bùn. Àwọn amòye náà mú wúrà, tùràrí àti òjíá wá, ṣùgbọ́n ẹ wo bí Mátíù ti tò ó: wọ́n kọ́kọ́ wólẹ̀, wọ́n sìn ín, lẹ́yìn náà ni wọ́n tó tú ìṣúra wọn. Bí a bá lè pa ètò yìí mọ́ ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, kí a ka ìwé, kí a gbàdúrà, kí a tó tú ohunkóhun, ọmọ ọdún mẹ́rin pàápàá yóò mọ ohun tí ó ṣáájú. Níkólásì, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Mírà ní nǹkan bí ọ̀rúndún kẹrin, ẹni tí ìtàn Bàbá Kérésìmesì ti ara rẹ̀ jáde, ni àwọn Kristẹni ìgbàanì ń rántí gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ń ta aláìní lọ́rẹ ní ìkọ̀kọ̀. Ẹ jẹ́ kí ọmọ kọ̀ọ̀kan yan ẹnì kan tí òun fúnra rẹ̀ yóò ta lọ́rẹ láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Àwọn kan yóò sọ pé Bíbélì kò dárúkọ ọjọ́ tí a bí Jésù. Òtítọ́ ni. Irú ìdí bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí ó mú kí Ilé Aṣòfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fòfin de àjọ̀dún náà ní ọdún 1647, èmi kò sì ní bá Kristẹni tí ẹ̀rí ọkàn rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣe é jà. Àwọn tí wọ́n ń ṣe é ni mò ń bá sọ̀rọ̀.

Mo tún ní ẹ̀bẹ̀ kan sí àwọn ọkọ. Ìyá tí ó wà lẹ́nu iná láti ìdájí títí ilẹ̀ fi ṣú kò ráyè jọ́sìn, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ni ó sábà máa ń rán gbogbo ilé létí àdúrà. Ẹ bá a ṣe é, tàbí kí ẹ gbà pé kí oúnjẹ ọjọ́ náà má pọ̀ tó bí ẹ ti fẹ́. Ní ti àwọn ẹbí tí kì í ṣe onígbàgbọ́, ẹ gbà wọ́n tayọ̀tayọ̀, ẹ má ṣe torí wọn fi àdúrà sílẹ̀, ẹ má sì fi àdúrà náà sọ̀kò ọ̀rọ̀ sí wọn.

Ní ìparí, Olóòtú, mo fẹ́ tọrọ ohun kan lọ́wọ́ yín. Láti Ọjọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́ Ádífẹ́ǹtì títí di ọjọ́ kẹfà oṣù kìn-ín-ní, tí ọ̀pọ̀ ìjọ fi ń rántí àwọn amòye, ẹ jọ̀wọ́ ẹ ya igun kékeré kan sọ́tọ̀ lójú ìwé yín, kí ẹ máa tẹ ẹsẹ Bíbélì tí ẹbí lè kà ní alẹ́ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan síbẹ̀. Àwọn òbí tí wọn kò mọ ibi tí wọn yóò ti bẹ̀rẹ̀ pọ̀, wọn yóò sì rí i lò.

Èmi ni tiyín nínú Kristi,
Òbí kan tí ó ń ka ìwé ìròyìn yín