Òkò Tí Mo Sọ Sọ́jà

Àjọkẹ́ mi ọ̀wọ́n,

Ṣé àlàáfíà lo wà? Ọkọ rẹ ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Èmi àti ìyá rẹ wà dáadáa, àfi orúnkún mi tó ń rán mi létí lójoojúmọ́ pé orí sìmẹ́ńtì ni mo ti ń dúró láti 1996. Mo mọ̀ pé ẹ̀rín á pa ọ́ pé bàbá rẹ ń kọ lẹ́tà nígbà tí fóònù wà. Orí fóònù náà ni ọ̀rọ̀ tó o sọ lálẹ́ Ọjọ́bọ̀ ti gbà mí lẹ́nu. N kò rí èsì fọ̀. Mo ní kó o jẹ́ kí n lọ jẹun. Irọ́ ni, mo ti jẹun.

O ní wọ́n ń sọ ọ́ káàkiri ṣíìfù yín pé ọjà ò yá mọ́, pé owó tí ilé iṣẹ́ kó lé ọkọ̀ tó ń lo iná mànàmáná kò tíì padà wálé, pé owó ibodè tí ìjọba gbé lé irin àti ẹ̀yà ara ọkọ̀ láti òkèèrè tún ń fún wọn lọ́rùn, àti pé bí àdéhùn bá parí ní 30 April 2028, wọn yóò ní kí ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ fi nǹkan sílẹ̀. O wá ní, "Dádì, tó bá di dandan, kí wọ́n gé e lára àwọn tí wọn ò tíì gbà síṣẹ́. Ìyẹn ò kúkú dun ẹnikẹ́ni."

Àjọkẹ́, ó dun ẹnìkan. Ìwọ ni.

Jẹ́ kí n sọ ohun tí n kò sọ fún ọ rí. Nígbà tí àdéhùn tuntun dé ní 2007, wọ́n kó wa jọ sí gbọ̀ngàn ẹgbẹ́. Ohun tó wà nínú ìwé náà kò ṣòroó yé. Àwa tí a ti wà lẹ́nu iṣẹ́, wọn kò ní fọwọ́ kan bíi dọ́là 28 tí à ń gbà ní wákàtí kan, wọn kò sì ní fọwọ́ kan pẹ́ńṣàn wa. Àmọ́ ẹni tí wọ́n bá gbà lẹ́yìn wa, iṣẹ́ tó bá bọ́ sí ìpele kejì, bíi dọ́là 14 ni wọn yóò fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Kò ní rí irú pẹ́ńṣàn wa. Bó bá fẹ̀yìn tì, kó wá owó ilé ìwòsàn ara rẹ̀. Àgbàlagbà kan dìde lẹ́yìn gbọ̀ngàn. Bàbá rẹ̀ wà lára àwọn tó jókòó sínú ilé iṣẹ́ ọkọ̀ GM ní Flint fún ọjọ́ 44, láti òpin 1936 wọ February 1937, nínú òtútù Michigan, títí GM fi gbà láti bá UAW, ẹgbẹ́ àwa òṣìṣẹ́ ọkọ̀, jókòó sọ̀rọ̀. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló bi wá: ta ló ń dìbò fún àwọn tí kò sí níbí? A pariwo lé e lórí pé kó jókòó. Èmi náà pariwo.

Mo dìbò pé bẹ́ẹ̀ ni. Owó ilé ni mò ń rò, owó wáyà eyín rẹ, ilé tí mò ń kọ́ sí Ìkìrun. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni ọ́ nígbà yẹn. O ti sùn kí n tó wọlé. Mo ṣílẹ̀kùn yàrá rẹ, mo wò ọ́, ọkàn mi balẹ̀ pé mo ti ṣe ojúṣe bàbá.

Àwọn àgbà ní ẹni tó sọ òkò sọ́jà, ará ilé rẹ̀ ní í bà. Ọdún méje gbáko ni òkò tèmi fi wà lójú òfuurufú.

O rántí Jímọ̀ tó o mú ìwé owó iṣẹ́ rẹ àkọ́kọ́ wálé ní 2014? Inú rẹ dùn, o gbé e lé orí tábìlì, tèmi sì wà níbẹ̀. Ilẹ̀kùn apá òsì ni mò ń so mọ́ ọkọ̀ nígbà náà, ìwọ ń so ti apá ọ̀tún, ọkọ̀ kan náà ló ń kọjá níwájú àwa méjèèjì. Tìrẹ kò pé dọ́là 16 ní wákàtí kan. Ìyá rẹ wo ìwé kìíní, ó wo ìkejì, ó wá wò mí, kò sọ̀rọ̀. O bi mí pé, "Dádì, àbí wọ́n ṣì í kọ ni?" Mo ní bí gbogbo ènìyàn ṣe ń bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Irọ́ ni. Tèmi kò bẹ̀rẹ̀ bẹ́ẹ̀. N kò sì sọ ẹni tó fọwọ́ sí i.

Má rò pé mò ń sọ pé ilé iṣẹ́ kò níṣòro. Wọ́n níṣòro. Nígbà tí GM àti UAW ṣe àdéhùn ọdún márùn-ún ní 1950, tó ní pẹ́ńṣàn àti ìlera nínú, àwọn mẹ́ta ńlá Detroit, GM, Ford àti Chrysler, ló ni ọjà Amẹ́ríkà fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Òṣìṣẹ́ pọ̀ bí eṣú, ẹni tó ti fẹ̀yìn tì ò tó nǹkan. Orílẹ̀-èdè yìí kò sì ṣe ètò ìlera fún gbogbo ará ìlú, ilé iṣẹ́ ló gbé e rù. Nígbà tó yá, Honda dé Ohio, Toyota dé Kentucky, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni wọ́n gbà, wọn ò ní arúgbó kankan tí wọ́n ń bọ́. Ní nǹkan bíi 2005, GM ń pariwo pé owó ìlera nìkan lórí ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan ti tó bíi dọ́là 1,500, pé ó ju owó irin tó wà lára ọkọ̀ náà lọ. Ẹrù náà wúwo lóòótọ́. Àmọ́ kì í ṣe òṣìṣẹ́ ló ní kí wọ́n kọjú sí ọkọ̀ ńláńlá tí ń mu epo bí omi, tí bẹntiróòlù fi gun dọ́là 4 fún gálọ́ọ̀nù kan ní 2008, tí àwọn oníbàárà sì sá.

Ìgbà yẹn gan-an ni rédíò ń pariwo pé òṣìṣẹ́ UAW ń gba dọ́là 70 ní wákàtí kan. Kò sẹ́ni tó gbà á. Ṣe ni wọ́n kó owó ìlera àti pẹ́ńṣàn àwọn tó ti lọ sinmi, tòun ti àwọn opó wọn, wọ́n pín in sórí àwa díẹ̀ tó kù lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n wá ń pè é ní owó iṣẹ́ wa. Ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àwọn ọmọ ilẹ̀ wa níbí. Ẹni tó ń gba owó gbọ̀ngàn ní kí "àwọn olówó àádọ́rin dọ́là" dá tiwọn sọ́tọ̀. Mo bá wọn rẹ́rìn-ín. Oṣù yẹn náà ni wọ́n ní ká lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà.

O mọ ìyókù ìtàn náà. Àwọn ọ̀gá gun bàlúù aládàáni lọ tọrọ owó ní Washington ní November 2008. Àwọn sẹ́nétọ̀ kan fẹ́ kí wọ́n kọ́kọ́ gé owó wa kó bá ti àwọn ilé iṣẹ́ Japan dọ́gba. Ààrẹ Bush yá GM àti Chrysler ní bílíọ̀nù 17.4 dọ́là kó tó kúrò nípò. Chrysler wọ ilé ẹjọ́ onígbèsè ní 30 April 2009, GM tẹ̀lé e ní 1 June. Ìtọ́jú ìlera àwọn àgbà wa bọ́ sọ́wọ́ àpò àkànṣe kan, wọ́n sì fi ìpín ìdókòwò dí owó tó yẹ kí wọ́n san sínú rẹ̀: ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún Chrysler, 17.5 nínú GM. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru arúgbó di ohun tó gbára lé ilé iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nílé ẹjọ́. COLA, ìyẹn owó tó máa ń bá ọ̀wọ́ngógó gòkè, wọ́n gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Fojú sílẹ̀ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. A ti fi tiyín sílẹ̀ ní 2007 kí iṣẹ́ má bàa bàjẹ́. Kò pé ọdún méjì, méjì nínú mẹ́ta wọ ilé ẹjọ́. Owó tí a gé lára ẹni tí kò tíì dé kò gba ẹnikẹ́ni là. Ẹ̀gbọ́n mi, bàbá Kúnlé tó o mọ̀ yẹn, ṣiṣẹ́ ní Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Àgbádárìgì, nígbà tí ọkọ̀ ìjàpá àti ọkọ̀ Igala ń jáde níbẹ̀. Owó oṣù rẹ̀ kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń pariwo rẹ̀ lórí rédíò. Síbẹ̀, nígbà tí owó epo rọ̀bì já wálẹ̀, tí náírà ṣubú láti 1986, tí owó ilẹ̀ òkèèrè tí wọn yóò fi ra ẹ̀yà ara ọkọ̀ wá wọ́n bí ojú, iṣẹ́ náà gbẹ. Ó gbẹ pẹ̀lú owó iṣẹ́ táṣẹ́rẹ́.

Ẹgbẹ́ náà kì í ṣe áńgẹ́lì o. Ìgbà kan wà tí ẹni tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ń wá jókòó ka ìwé ìròyìn láti àárọ̀ dalẹ́, tí owó rẹ̀ sì ń wọlé fẹ́rẹ̀ẹ́ pé. A ń pè é ní ààbò, ojú ń tì mí díẹ̀ láti ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá rẹ. Ààrẹ UAW méjì tẹ̀ léra wọn, Dennis Williams àti Gary Jones, ni wọ́n gbà nílé ẹjọ́ ní 2020 pé àwọn lẹ́bi owó ẹgbẹ́ tí àwọn kan fi ṣe fàájì. Owó wákàtí méjì ààbọ̀ ni wọ́n ń yọ lóṣù lára tèmi, orí gọ́ọ̀fù àti sìgá olówó ńlá sì ni apá kan rẹ̀ lọ. Inú bí mi débi pé mo fẹ́ kúrò. Ìwọ lo dá mi dúró, o ní ẹni tí eku wọ àká rẹ̀ kì í tìtorí ẹ̀ jó àká. Látìgbà tí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ti ń dìbò yan ààrẹ fúnra wọn, tí Shawn Fain fi wọlé ní 2023, mo rí i pé ìwọ lo gbọ́n jù mí lọ níbẹ̀. Nítorí náà, tí wọ́n bá tún ní kó o wá ṣe aṣojú ṣíìfù yín, má sọ pé o ò ráyè.

Ìyanṣẹ́lódì ọdún yẹn tún púpọ̀ ṣe. Ìwọ lo wà nídìí àgbá iná lóru pẹ̀lú dọ́là 500 tí ẹgbẹ́ ń san lọ́sẹ̀, èmi kàn ń gbé ọbẹ̀ wá ni. Ìdá 25 nínú ọgọ́rùn-ún ni wọ́n gbà láti fi kún owó iṣẹ́ títí di 2028, 11 nínú rẹ̀ lẹ́sẹ̀kan náà. COLA padà. Ẹni tuntun yóò dé òkè owó láàárín ọdún mẹ́ta dípò mẹ́jọ. Ṣùgbọ́n pẹ́ńṣàn tí ẹ̀yin tó dé lẹ́yìn 2007 kò ní, ẹ kò tíì ní in, bẹ́ẹ̀ náà ni ìlera lẹ́yìn ìfẹ̀yìntì. Ohun tí mo fi ìṣẹ́jú kan fọwọ́ sí, ìyanṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò lè gbà á padà tán.

Ìdá mẹ́wàá owó rẹ tí wọ́n ń fi sínú 401(k), àpò ìfowópamọ́ ìfẹ̀yìntì rẹ, òun ni pẹ́ńṣàn rẹ. Má yá nínú rẹ̀ mọ́. Èyí tó o yá nígbà ìgbéyàwó, sáré san án. Ọkọ rẹ fẹ́ pickup tuntun nítorí pé wọ́n ń dín owó fún òṣìṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí ti àtijọ́ kú ná. Ófátáìmù máa ń dé nígbà tó bá wù ú, gbèsè kì í pa oṣù kan jẹ. Ófátáìmù ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ilé Ìkìrun ní 2004. Títí di 2013 ló fi dúró sórí lítẹ́ẹ̀lì, ewúrẹ́ ará àdúgbò ló kọ́kọ́ ṣí ilé náà.

Ní October, ọgbọ̀n ọdún mi yóò pé, màá sì gba ìwé mi lọ. Àwọn tó yanṣẹ́ lódì ní GM ní 1970 ló mú kí ẹni tó bá pé ọgbọ̀n ọdún lè lọ sinmi pẹ̀lú pẹ́ńṣàn. N kò mọ orúkọ ọ̀kankan nínú wọn. Ọmọkùnrin kékeré ni mí ní Ìkìrun nígbà yẹn, n kò gbọ́ Michigan rí, wọ́n sì ti ń dúró nínú òtútù nítorí mi. Látìgbà tó o ti sọ̀rọ̀ Ọjọ́bọ̀ yẹn ni wọ́n ti ń wá sí mi lọ́kàn lóru.

Ìyá rẹ ní kó o má gbàgbé abọ́ kúlà rẹ̀ tó wà lọ́dọ̀ rẹ. Ìwé àdéhùn yín, mú un dání lọ́jọ́ Àìkú ká jọ kà á. Ìwé kékeré nì, èyí tó o fi ń tẹ́ ife tíì. Ọmọ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ ní láìnì ńkọ́, èyí tó o ní ó máa ń sunkún nínú ilé ìgbọ̀nsẹ̀ tí ọwọ́ bá ti ń dùn ún? O sọ ọ̀rọ̀ rẹ̀ fún wa lẹ́ẹ̀mejì, o kò dárúkọ rẹ̀. Kí ló ń jẹ́?

Èmi ni,
Bàbá rẹ